Àwọn Igi Tí Odigbó Gbà Tí Wọn Kò Gbìn

Ẹ̀yin ará ilé, mo lọ, mo sì ti dé. Láti ọjọ́ tí mo ti sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ ni ẹ ti ń bi mí pé báwo ni ibẹ̀ ṣe rí, n kò sì tíì fún ẹnikẹ́ni ní ìdáhùn tó já gaara, nítorí pé bí mo bá ti bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀, ẹ̀rín a máa gbà á mọ́ mi lẹ́nu. Ìdí nìyí tí mo fi jókòó láti kọ ọ́ sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí olùkọ́ wa ti kọ́ wa ní kíláàsì kẹrin, kí n lè sọ ọ́ délẹ̀.

Ẹ mọ̀ pé n kò kọjá Ògbómọ̀ṣọ́ rí kí n tó rin ìrìn yìí. Ẹ sì mọ ẹni tó pè mí: Búròdá Káyọ̀dé, àbúrò ìyá mi, tí ó ń ṣiṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ onígẹdú kan ní Òrè. Ilé-iṣẹ́ náà ti ń gé igi ńláńlá inú igbó láti ìgbà tí a kò tíì bí mi. Ní ọdún tó kọjá ni àwọn ọ̀gá ibẹ̀ wí láàárín ara wọn pé ẹni tí ó bá ń jẹ nínú igbó kan yẹ kí ó máa dá nǹkan padà síbẹ̀, kí ó sì ṣe àwọn ará ìlú ibẹ̀ lóore. Wọ́n fi Búròdá Káyọ̀dé ṣe olórí iṣẹ́ náà. Ó gbin ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèhù igi sínú àpò ọ̀rá dúdú, afàrà àti arère, kí ó lè pín wọn fún àwọn àgbẹ̀ Odigbó, ìlú tí kò jìnnà sí Òrè, láti gbìn sí oko wọn.

Ṣùgbọ́n ẹ mọ irú àkókò tí a wà. Àwọn ológun ló ń ṣe ìjọba, mílíìkì ti di ohun tí a ń fẹnu lásán sọ, àwọn ilé-iṣẹ́ sì ń dá òṣìṣẹ́ padà sílé lójoojúmọ́. Máníjà ti sọ fún búròdá mi ní gbangba pé ọ̀gá ológun kan ń bọ̀ láti Àkúrẹ́ ní ìparí oṣù Ògún láti wá wo àwọn igi náà. Bí àwọn igi kò bá sí nínú ilẹ̀ lọ́jọ́ náà, iṣẹ́ igi gbíngbìn parí nìyẹn, iṣẹ́ Búròdá Káyọ̀dé sì parí pẹ̀lú rẹ̀. Ó fẹ́ ẹni tí yóò ràn án lọ́wọ́, tí yóò sì kọ ìròyìn tí wọn yóò kà fún àwọn àlejò ní èdè Yorùbá. Ìyá mi ní, “Àṣàkẹ́ ni ó mọ̀wé kọ jù nílé yìí.” Bí mo ṣe lọ nìyẹn.

*Òórùn pákó*

Imú mi ló kọ́kọ́ dé Òrè kí ojú mi tó dé ibẹ̀. Òórùn igi tútù tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ là ni ó gba gbogbo ojú ọ̀nà. Ó dùn, ó sì kan díẹ̀, ó wọ inú aṣọ mi, kò sì jáde títí tí mo fi padà wálé. Ẹ bi ìyá mi tí ó fọ̀ ọ́.

Ní Ìgbẹ́tì, òkúta ni a ní tó ga. Igi tiwa a máa tẹ̀ ba, bí ẹni tí oòrùn ti bá wí. Ní Òrè, igi ni ó ń wo ènìyàn nílẹ̀. Mo gbé orí sókè láti rí ṣóńṣó igi kan lẹ́bàá títì, gèlè mi ṣubú sẹ́yìn, n kò sì rí ṣóńṣó náà. Lẹ́yìn èyí ni lọ́rì agbégẹdú kan kọjá. Ìtì igi mẹ́ta péré ni ó gbé, ó sì kún. Ẹ jẹ́ kí n tún un sọ, nítorí pé ẹ̀gbọ́n mi kò gbà mí gbọ́: mẹ́ta péré, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn sì ga ju ilẹ̀kùn ilé wa lọ bí ó ti dùbúlẹ̀ yẹn. Mo rí i pé wọ́n tẹ lẹ́tà kan mọ́ ìdí ìtì kọ̀ọ̀kan.

Mo bi obìnrin tí ó ń sun ọ̀gẹ̀dẹ̀ létí ọ̀nà pé, “Ẹ jọ̀ọ́ mà, ta ló ń kọ̀wé sára igi?”

“Òòlù ni wọ́n fi lù ú,” ni ó wí. “Àmì ilé-iṣẹ́ ni. Igi tó bá ti ní àmì ti ní olúwa. Fọwọ́ kàn án, kí o wá rí bí fọ́rẹ́sì gáàdì yóò ṣe gbé ọ.” Ó wá wò mí láti orí dé ẹsẹ̀. “Ará òkè ni ọ́, àbí?”

“Ará Ìgbẹ́tì ni mí, mà.”

“Ìgbẹ́tì. Ṣé wọ́n ń jẹ ọ̀gẹ̀dẹ̀ níbẹ̀, àbí òkúta ni ẹ ń sun?” Ó fún mi ní èyí tó pọ́n jù nínú ọ̀gẹ̀dẹ̀ rẹ̀, kò sì gba kọ́bọ̀.

Sójà méjì dúró nínú gáréèjì, wọ́n ń to àwọn èrò sórí ìlà, nítorí pé ìjọba ti ní kí ẹnikẹ́ni má ṣe ti ẹnìkejì mọ́. Bàbá kan tí ó ń fa ewúrẹ́ bèèrè bóyá ewúrẹ́ náà yóò to. Sójà ní yóò to. Ewúrẹ́ náà dúró sẹ́yìn ìyá kan tó gbé apẹ̀rẹ̀ lérí, ó sì dúró jẹ́ẹ́ ju àwọn tí ó ń sọ̀rọ̀ gẹ̀ẹ́sì lọ. Ibẹ̀ ni Búròdá Káyọ̀dé ti bá mi, tí mo ń fi ọwọ́ méjèèjì di ikùn mú nítorí ẹ̀rín. Ó gbé mi sẹ́yìn alùpùpù ilé-iṣẹ́ wọn, a sì gba ọ̀nà Odigbó. Ó ti rù. Ó rẹ́rìn-ín nígbà tí mo rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n tirẹ̀ kì í pẹ́ tán.

*Ilé Màmá Ẹ̀bùn*

Yàrá kan ni búròdá mi gbà ní ilé opó kan tí gbogbo Odigbó ń pè ní Màmá Ẹ̀bùn. Wọ́n ní oko kòkó tí ọkọ wọn fi sílẹ̀, wọ́n sì jẹ́ ọmọ ìjọ Aládùúrà, wọn kì í ṣe ohunkóhun láìgbàdúrà sí i. Wọ́n gbàdúrà sí àpótí mi. Wọ́n gbàdúrà sí ẹsẹ̀ mi méjèèjì tí ó gbé mi wá. Nígbà tí wọ́n mọ̀ pé akọ̀wé ni mo wá ṣe, wọ́n gbàdúrà sí bírò mi, bírò náà kò sì yọ mí lẹ́nu rí títí di òní.

Ìkálẹ̀ ni èdè wọn. Ilé ni àwa ń wí, àwọn ń wí pé *ulé*. Iṣu ni àwa ń jẹ, àwọn ń jẹ *usu*. Bí wọ́n bá ń bá mi sọ̀rọ̀, Yorùbá ilé-ìwé ni wọ́n ń sọ. Bí wọ́n bá yíjú sí ara wọn, n kì í gbọ́ ju ìdajì lọ, mo sì máa ń jókòó síbẹ̀ bí ẹni tí ó ń gbọ́ rédíò tí bátìrì rẹ̀ ti rẹ̀. Ó yà mí lẹ́nu pé ènìyàn lè di àlejò nínú èdè baba rẹ̀.

Pupuru ni oúnjẹ ibẹ̀. Ẹ̀gẹ́ ni wọ́n rẹ, tí wọ́n fún, tí wọ́n mọ bí bọ́ọ̀lù ńlá, tí wọ́n sì gbé sórí iná títí ẹ̀yìn rẹ̀ yóò fi dú bí ìdí ìkòkò. Wọn yóò wá họ dúdú náà kúrò, inú rẹ̀ á funfun. Wọn a gún un, wọn a rò ó. Èéfín a máa wà nínú rẹ̀ títí dé ọ̀nà ọ̀fun. Ọbẹ̀ marúgbó ni wọ́n fi fún mi jẹ ẹ́, ọbẹ̀ náà sì dúdú tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi rò pé ó jóná ni. Mo kẹ́dùn fún Màmá nínú ọkàn mi. Mo tọ́ ọ wò. N kò gbé orí sókè mọ́ títí tí mo fi rí ìdí abọ́.

Ẹ̀kọ́ kan wà tí mo kọ́ lọ́jọ́ kejì, tí gbogbo ohun tí mo fẹ́ sọ dúró lé. Ará àdúgbò kan tí mo kí fún mi ní ìgbín ààyè kan, ó tóbi tó ìkúùkù. Mo fẹ́ dúpẹ́ kí n sì kọ̀ ọ́, nítorí pé a kì í jẹ ìgbín nílé wa. Màmá Ẹ̀bùn já mi ní èékánná. Nígbà tí a wọlé, wọ́n ní, “Ọmọ mi, bí ènìyàn bá na ọwọ́ sí ọ níhìn-ín, gbà á, kí o sì dúpẹ́. Bí o kò bá fẹ́ ẹ, ìyẹn di ọ̀rọ̀ ẹ̀yìnkùlé.”

*Ẹ̀yìnkùlé*

Ní ibi ìtọ́jú èèhù, páànù kéékèèké ni iṣẹ́ mi. Agolo mílíìkì àtijọ́ ni búròdá mi gé sí wẹ́wẹ́, tí ó fi òòlù ilé-iṣẹ́ tẹ àmì wọn mọ́, tí èmi sì ń fi wáyà tín-ín-rín so mọ́ èèhù kọ̀ọ̀kan, kí àwọn àlejò láti Àkúrẹ́ lè mọ ẹni tó ṣe oore. Wọ́n ń dán nínú oòrùn bí yẹtí. Inú mi dùn sí iṣẹ́ yìí tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi so méjì mọ́ àwọn kan tí mo fẹ́ràn.

A pín wọn. Ẹ ò rí bí àwọn ará Odigbó ṣe gbà wọ́n. Àwọn àgbẹ̀ fi ọwọ́ méjèèjì gba tiwọn, wọ́n súre fún ilé-iṣẹ́, wọ́n súre fún búròdá mi pé yóò jẹ èrè iṣẹ́ rẹ̀, wọ́n gbé wọn lérí, wọ́n lọ. Ní ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn náà, a gun alùpùpù lọ káàkiri oko láti wo àwọn igi wa. A dé oko kìíní, kò sí. A dé ìkejì, kò sí. Nígbà tí a dé ìkẹfà, Búròdá Káyọ̀dé kò tilẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ lórí alùpùpù mọ́.

Nígbà tí a padà sáàárín ìlú ni a rí wọn. Gbogbo wọn pé. Wọ́n wà ní ẹ̀yìnkùlé gbogbo ilé tí a wò, nínú àpò ọ̀rá wọn, wọ́n tò ní ìlà bí èrò Òrè, wọ́n ti bomi rin wọ́n, ewé wọn ń dán. Bàbá Akíngbadé, tí ó jẹ́ àgbà ìdílé tí ó ni ilẹ̀ jù ní àdúgbò náà, ti fi imọ̀ ọ̀pẹ kọ́ àgọ́ kékeré lé tiwọn lórí nítorí oòrùn ọ̀sán. N kò rí igi tí a kẹ́ bẹ́ẹ̀ rí. Kò sí ẹyọ kan nínú ilẹ̀.

“Ẹ kú ìtọ́jú, bàbá,” ni búròdá mi wí. “Nígbà wo lẹ fẹ́ gbìn wọ́n?”

“À ń tọ́jú wọn,” ni Bàbá wí.

“Mo rí i, sà. Òjò ń rọ̀.”

“Ó ń rọ̀ dáadáa.”

“Ilẹ̀ ti rọ̀, bàbá. Àkókò rẹ̀ gan-an nìyí.”

“Àkókò rẹ̀ ni,” ni Bàbá wí, wọ́n sì fi ìka nu erùpẹ̀ kúrò lára ewé kan. “Ẹ̀yin ọmọ wọ̀nyí, ẹ ti jẹun?”

Báyìí ni ó rí nílé gbogbo. Kò sí ẹni tó kọ̀. Kò sí ẹni tó ṣàìdúpẹ́. Màmá Ẹ̀bùn gan-an ń gbàdúrà sí tiwọn láràárọ̀ pé kí wọ́n ga kí wọ́n sì yè, nínú àpò ọ̀rá. Èmi ń fi etí aṣọ bo ẹnu láti má rẹ́rìn-ín, títí tí mo fi rí búròdá mi tí ó jókòó sórí alùpùpù láì tan ẹ́ńjìnnì rẹ̀, tí ó ń ka ọjọ́ lórí ìka. Ọjọ́ mẹ́tàlá ló kù kí àwọn àlejò tó dé.

*Kùkùté afàrà*

Ní ọjọ́ kejì, bí mo ṣe ń bá Màmá Ẹ̀bùn yí pupuru lórí iná, mo bi wọ́n. Mo ti kọ́ ìbéèrè náà sílẹ̀ nínú orí mi, kí ó lè jáde pẹ̀lú ọ̀wọ̀. Mo ní, “Màmá, ẹ jọ̀ọ́, bí ẹ kò bá bínú, kí ló dé tí igi wa kò dé inú ilẹ̀?”

Wọ́n nu ọwọ́, wọ́n mú àdá, wọ́n ní kí n máa bọ̀. A rìn wọ inú kòkó wọn. Abẹ́ rẹ̀ tutù, ó sì ṣú díẹ̀. Ewé gbígbẹ ń dún lábẹ́ ẹsẹ̀ wa. Láàárín oko náà ni a ti já sí ojú gbangba kan tí oòrùn ń pa, kùkùté igi kan sì wà níbẹ̀ tí ènìyàn mẹ́fà lè jókòó yí ká.

“Afàrà ni,” ni Màmá wí. “Bàbá Ẹ̀bùn bá a níbẹ̀ nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ gbin kòkó, wọ́n sì fi í sílẹ̀ fún ìbòòji. Ní ọjọ́ kan àwọn ènìyàn ilé-iṣẹ́ yín wá, wọ́n lu àmì mọ́ ọn. Ní ọjọ́ kejì wọ́n fi ayùn gé e, ó sì wó lé kòkó wa. Bàbá Ẹ̀bùn dúró síbi tí o dúró sí yìí. Àwọn agégi náà sọ fún wọn pé igi tó ní àmì, ti ilé-iṣẹ́ ni.”

Mo wo ẹsẹ̀ mi.

“Ìwọ náà ọmọ àgbẹ̀ ni,” ni wọ́n wí. “Nílé yín, bí mo bá lọ gbin igi sórí ilẹ̀ baba rẹ, kí ni baba rẹ á wí?”

Mo mọ ohun tí baba mi á wí. Gbogbo yín mọ̀ ọ́n. Ẹ̀gẹ́ a máa kúrò nílẹ̀, àgbàdo a máa kúrò nílẹ̀, ṣùgbọ́n igi kì í kúrò. Ẹni tí ó bá ní igi lórí ilẹ̀ yóò ní ọ̀rọ̀ láti sọ nípa ilẹ̀ náà títí dé orí ọmọọmọ.

“Páànù yín ń dán o,” ni Màmá wí. “Ó rẹwà. Ṣùgbọ́n a mọ ohun tí ó ń sọ. Ẹ̀yin gbé òòlù wá sí ẹ̀yìnkùlé wa, ẹ so ó mọ́ igi kéékèèké bí ìlẹ̀kẹ̀, ẹ ní ká fi ọwọ́ ara wa gbin yín sí ilẹ̀ wa. A ò lè kọ̀ ọ́, ẹ̀bùn ni. A ò sì lè gbìn ín.”

Ẹ̀yin ará ilé, èmi ni mo so àwọn páànù náà. Mo so méjì mọ́ tiwọn.

*Ẹnu kì í jóná*

Nígbà tí mo sọ ọ́ fún Búròdá Káyọ̀dé, ó bú sẹ́rìn-ín tí ó fi jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ó ní ọdún mẹ́rin ni òun fi kọ́ nípa igi ní yunifásítì, tí ẹnikẹ́ni kò sọ fún òun pé igi ń sọ̀rọ̀ nípa ilẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ẹ̀rín náà gbẹ lójú rẹ̀. Bí a bá yọ páànù, máníjà yóò bi í pé níbo ni orúkọ ilé-iṣẹ́ wà. Bí a kò bá yọ ọ́, kò sí igi. Ó rìn lọ sí ìloro, ó padà, ó tún lọ. Níkẹyìn ó ní, “Àṣàkẹ́, iṣẹ́ tí wọ́n gbé fún mi ni pé kí igi wà nínú ilẹ̀. Wọn kò ní kí n gbin páànù.”

Ó lọ bá Bàbá Akíngbadé pé kí wọ́n pe àwọn onílẹ̀ jọ. Ó ti kọ ìwé kan, èmi ni mo dà á kọ dáadáa, pé ẹni tí ó bá gbin igi sí ilẹ̀ rẹ̀ ni ó ni igi náà, ilé-iṣẹ́ kò sì ní gé e láé. Bàbá Akíngbadé gba ìwé náà, wọ́n yìn ìwé náà, wọ́n yìn ọwọ́ ìkọ̀wé mi, wọ́n sì dá a padà.

“Ìwé lè jóná,” ni wọ́n wí. “Ẹnu ogún ènìyàn kò lè jóná lẹ́ẹ̀kan náà. Dìde dúró, kí o sọ ọ́.”

Búròdá mi dìde, ó sọ ọ́. Bàbá ní, “A gbọ́ tìrẹ. Ṣé ọ̀gá rẹ ló rán ọ?”

Ẹ̀yin ará ilé, ó rọrùn láti purọ́ níbẹ̀. Búròdá mi ní, “Rárá, sà. Èmi ni mo sọ ọ́.”

Àwọn àgbà wo ara wọn, wọ́n sọ̀rọ̀ ní èdè tí n kò gbọ́. Lẹ́yìn ìgbà pípẹ́, Bàbá Akíngbadé ní, “A ó yọ páànù, a ó sì gbìn ín, nítorí pé o kò tàn wá jẹ. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ tí ọ̀gá rẹ bá dé, a ó bi í lójú gbogbo ènìyàn. Bí kò bá sọ ohun tí o sọ, ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà a ó hú gbogbo rẹ̀, a ó sì dá wọn padà fún yín pẹ̀lú ọpẹ́.”

Ọjọ́ mẹ́ta tí ó tẹ̀lé e ni mo gbádùn jù láyé mi. Gbogbo Odigbó ń tú wáyà. Àwọn ìyá ń tú u lẹ́nu ọ̀nà, àwọn ọmọ ń tú u lábẹ́ igi àgbálùmọ̀, páànù ń dún wọnran wọnran nínú abọ́. Òjò ń rọ̀ sórí wa, a ń gbin igi nínú òjò náà, ẹrẹ̀ dé orúnkún mi. Àwọn obìnrin ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé ará òkè ń walẹ̀ bí ẹni tí ó rò pé òkúta ni yóò bá pàdé. Ẹnìkan fi imọ̀ ọ̀pẹ ṣọgbà yí tirẹ̀ ká nítorí ewúrẹ́. Ẹnìkan sọ tirẹ̀ ní orúkọ ìyàwó rẹ̀, ìyàwó náà sì ní òun kò tíì rí ibi tí wọ́n ti ń fi òun wé ohun tí kò ní ẹnu. Mo ṣubú lẹ́ẹ̀mejì. Mo rẹ́rìn-ín títí ẹ̀gbẹ́ fi ń dùn mí.

*Ọjọ́ tí àwọn àlejò dé*

Ọkọ̀ jíìpù méjì ni wọ́n gbé wá. Ọ̀gá ológun náà ga, ó tẹ́ẹ́rẹ́, ó sì ń wo aago ọwọ́ rẹ̀. Máníjà wọ kóòtù nínú ooru. Oko Màmá Ẹ̀bùn ni a kó wọn lọ, gbogbo àdúgbò sì tẹ̀lé wa, wọ́n dúró sáàárín kòkó. Igi kéékèèké dúró yí kùkùté afàrà náà ká, wọ́n ti mú ilẹ̀.

Mo ka ìròyìn mi. Nígbà tí mo kà á tán, máníjà fẹnu sí búròdá mi létí, ṣùgbọ́n láti ibi tí mo dúró sí, mo gbọ́ ọ: “Níbo ni àmì wa wà?”

Kí búròdá mi tó dáhùn, Màmá Ẹ̀bùn jáde wá pẹ̀lú abọ́ ńlá kan tí wọ́n fi aṣọ funfun bò. Wọ́n kúnlẹ̀, wọ́n ṣí i. Páànù kún inú rẹ̀ dé etí, ó ń dán.

“Ọ̀gá, ẹ kú oore,” ni wọ́n wí. “Ẹ gba ohun tó jẹ́ tiyín. A ti gba tiwa.”

Máníjà wo abọ́, ó wo búròdá mi. “Ta ló ní kí wọ́n yọ ọ́?”

“Èmi ni, sà.”

Bàbá Akíngbadé fi ọ̀pá wọn kan ilẹ̀. “Ẹ jọ̀wọ́, ọ̀gá, ẹ má tíì bá a wí. Ọmọ yìí dúró ní iwájú wa, ó ní igi yìí ti di tiwa, pé ẹ kò ní gbé òòlù tàbí ayùn wá síbẹ̀ láé. A ní ta ló rán an. Ó ní kò sẹ́ni tó rán òun. A wá ń bi ẹ̀yin tí ẹ lè ránṣẹ́: báwo ni?”

Mo wo ọrùn búròdá mi, òógùn ń ṣàn lọ sínú kọ́là rẹ̀. Ọ̀gá ológun bèèrè ohun tí bàbá náà sọ, nítorí pé kò gbọ́ Yorùbá dáadáa. Ẹnìkan túmọ̀ rẹ̀ fún un. Ó ronú díẹ̀, ó sì fi èdè gẹ̀ẹ́sì sọ̀rọ̀, ohun tí mo gbọ́ nínú rẹ̀ ni pé ní abúlé tirẹ̀ náà, ẹni tí ó gbin mángòrò ló ni òjìji rẹ̀, òun kò sì mọ ìdí tí ènìyàn yóò fi máa bèèrè irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Ó yíjú sí máníjà, ó ń dúró de èsì rẹ̀.

Máníjà wo kùkùté náà fún ìgbà díẹ̀. “Igi yín ni,” ni ó wí.

“Àwọn tó wà lẹ́yìn kò gbọ́,” ni Bàbá wí.

“Igi yín ni.”

“Àwọn tó wà létí odò ń kọ́?”

Máníjà bọ́ kóòtù rẹ̀, ó gbé e lé apá, ó sì la ohùn bí ẹni tí ó ń polówó ní Òrè: “Mo ní igi yín ni. Ilé-iṣẹ́ kò ní gé e.” Ariwo tí ó tẹ̀lé e lé àwọn ẹyẹ inú oko náà lọ, n kò sì mọ̀ bóyá wọ́n tíì padà. Máníjà fúnra rẹ̀ ń rẹ́rìn-ín. Ó yíjú sí Búròdá Káyọ̀dé, ó ní, “Ní ọjọ́ Ajé, kó àwọn èèhù tó kù lọ fún àwọn àgbẹ̀ abúlé Àgọ́ Aláyè. Má so nǹkan kan mọ́ wọn.” Búròdá mi ní, “Ó dára, sà,” ó sì di èjìká mi mú.

Bí wọ́n ṣe fẹ́ wọ ọkọ̀, máníjà rí èèhù afàrà kan tí a kò tíì gbìn, ó gbé e. Ó ní òun yóò gbin èyí sí iwájú ilé tí òun ṣẹ̀ṣẹ̀ kó sí ní ìlú náà.

Màmá Ẹ̀bùn ní, “Ó dára o, ọ̀gá. Ilé ta ni ẹ ń gbé?”

“Mo háyà rẹ̀ ni. Ilé Bàbá yìí ni.” Ó fi ọwọ́ hàn Bàbá Akíngbadé.

Gbogbo ènìyàn yíjú sí Bàbá. Bàbá yọ orín ẹnu wọn, wọ́n wò ó, wọ́n dá a padà.

“Ayálégbé tó fẹ́ gbin igi,” ni wọ́n wí, “a máa wá rí onílẹ̀. Ẹ wá bá mi nílé lọ́la.”

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, nígbà tí Búròdá Káyọ̀dé ń di ẹrù mi mọ́ ẹ̀yìn alùpùpù, a rí máníjà tí ó ń bọ̀ ní ẹsẹ̀. Kò wọ kóòtù. Búbá ni ó wọ̀, ó gbé èèhù afàrà rẹ̀ mọ́ àyà pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì. Nígbà tí ó dé ẹnu ọ̀nà Bàbá Akíngbadé, ó bọ́ bàtà, ó sì dúró níta títí wọ́n fi ní kí ó wọlé.